Bọ́tìnnì "Fi pamọ́" méjì: báwo lẹ ṣe ń rí i pé ọ̀rọ̀ ò yí padà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà áàpù?

Akọ̀wé Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà ní Yorùbá fún áàpù kan tí àwọn alájọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló ń lò ó jù: àwọn kan wà ní Sábó níbí, àwọn kan wà ní ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ Yorùbá kà ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi jẹ mí lógún.

Lóṣù tó kọjá, Alhaja kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ wọn ní Ẹ̀pẹ́ pè mí lálẹ́. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn tẹ "Fi pamọ́" bí ìwé mi ṣe wí, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan sì pòórá, tòun ti gbogbo owó tó ti dá láti ìgbà ààwẹ̀. Mo rọra ń bi wọ́n léèrè títí mo fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ owó sílẹ̀, bọ́tìnnì kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́ "Save". "Fi pamọ́" la kọ sí i. Níbi tí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà, òmíràn wà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́ "Hide", èyí tó ń mú orúkọ ẹni tí kò dá àjọ mọ́ kúrò lójú. Òun náà, "Fi pamọ́" la kọ sí i. Alhaja tún nọ́ḿbà fóònù obìnrin yẹn ṣe, wọ́n fẹ́ kí àtúnṣe náà dúró, wọ́n tẹ "Fi pamọ́". Orúkọ lọ.

Owó ò sọnù, a rí orúkọ náà padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àmọ́ fún odindi wákàtí kan, ìyá àgbà tí owó ogójì èèyàn wà níkàáwọ́ wọn rò pé àwọn ti ba ti ẹnìkan jẹ́. Mi ò tíì gbàgbé ohùn yẹn.

Mo sì ń rò ó pé kò sẹ́ni tó ṣi Yorùbá kọ níbẹ̀. À ń fi owó pamọ́ kó má baà sọnù, à sì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí a ò fẹ́ kó gbọ́. Bí èmi àti yín bá jókòó pọ̀, ẹ ó mọ èyí tí mò ń wí. Alhaja ò rí ẹnikẹ́ni jókòó tì, bọ́tìnnì nìkan ni wọ́n rí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo tẹ ìwé náà jáde, gbogbo ojú ewé 46 rẹ̀, mo mú bírò pupa. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní password, mo pè é ní "ọ̀rọ̀ aṣínà" lójú ewé 3, "ọ̀rọ̀ ìpamọ́" lójú ewé 11, "nọ́ḿbà àṣírí" lójú ewé 29. Ẹni tó túmọ̀ ojú áàpù fúnra rẹ̀ kọ "ọ̀rọ̀ ìwọlé". Ẹni tó fi ohùn ka fídíò sọ pé "páásíwọ́ọ̀dù". Ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kan, orúkọ márùn-ún! Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni ti ẹ̀yáwó. Níbì kan mo kọ "onídùúró", níbì kejì "ẹlẹ́rìí". Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bí ẹni tó yá owó bá sá lọ, ẹlẹ́rìí á sọ ohun tó rí, á sì máa lọ sílé. Onídùúró ló máa san án. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú nítorí pé ìwé mi pè é ní ẹlẹ́rìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Mo mọ ibi tó ti wá. Olùkọ́ wa nílé ìwé máa ń fa igi pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí a bá lò lẹ́ẹ̀mejì nínú àròkọ, kí a lè kọ́ bí èdè wa ṣe lọ́rọ̀ tó. Ọwọ́ àròkọ yẹn ni mo fi kọ ìwé tí ẹnìkan máa ṣí láàárín ọjà, tí omi ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, báwo lẹ ṣe ń yan ọ̀rọ̀ kan, kí gbogbo ẹni tó ń kọ sì dúró tì í? Àwa mẹ́ta là ń kọ, a kì í sì í jókòó síbì kan. Àti ní ti "Save" yìí, kí ni kí n pè é?

Ọmọ Olúwo (Ẹ̀pẹ́)

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi ń ta ẹja ní Olúwo, èmi ni mo máa ń bá wọn wo áàpù yẹn tó bá dojú rú. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni mo fẹ́ sọ.

"Ọ̀rọ̀ aṣínà" ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nọ́ḿbà mẹ́rin ni áàpù yín ń gbà, "PIN" ni wọ́n sì ń pè é, torí àwọn oní-POS ti mú un mọ́ wọn lẹ́nu. "Save", "séèfù" ni. "Bá mi séèfù nọ́ḿbà yìí." Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ.

Àmọ́ èyí tó ká mi lára jù ni ti àjọ gan-an. Àwọn ìyá wa ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn kí áàpù tó dé, wọn kì í sì í ṣì í sọ. Ẹni tó mú owó wá, ó dá àjọ. Ẹni tó kàn, ó kó àjọ. Tí màmá mi bá ní "mo ti dá, mi ò tíì kó", kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n tún un sọ. Ẹ wá wo inú ìwé yín. Fún dídá, ẹ kọ "fi owó sílẹ̀", ẹ kọ "san owó wọlé", ẹ tún kọ "ṣe ìdókòwò". Fún kíkó, ẹ kọ "yọ owó" àti "gba ìsanwó". Màmá mi bi mí pé ṣé "ìdókòwò" yìí ni owó tuntun tí wọ́n tún fẹ́ máa gbà lẹ́yìn àjọ. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Ẹ sì rántí káàdì alájọ àtijọ́. Àpótí 31 ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti alájọ, gbogbo ayé mọ̀. Nínú áàpù, owó kan náà yẹn ni ẹ pè ní "owó iṣẹ́" níbì kan, tí ẹ pè é ní "owó ìṣàkóso" níbòmíràn. Wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ń yọ ọ́. Wọ́n fẹ́ẹ̀ kúrò lórí áàpù náà torí ìyẹn.

Akóòdù Sábó (Ìkòròdú)

Ọmọ Olúwo ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe dì í mú, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn.

Ẹ ní fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ má fi í sórí kọ̀ǹpútà ẹnìkan, ibi tí kóòdù áàpù wà ni kó wà, kí àtúnṣe tó bá kan ọ̀kan máa kan èkejì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ Yorùbá tí ẹ yàn, ẹ kọ àwọn Yorùbá tí ẹ ò gbọdọ̀ lò mọ́, ẹ sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ìdí. Apá tí a ò gbọdọ̀ lò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun sì ni mo rí i pé ó wúlò jù. Tí ẹ ò bá kọ ọ́ pé "ẹlẹ́rìí" ti kúrò níbẹ̀, ẹnìkan á tún mú un padà wá láàárín oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ọkàn rere.

Tó bá jẹ́ OmegaT lẹ fi ń túmọ̀, fáìlì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò le rárá: fáìlì lásán tí Tab pín sí mẹ́ta, ọ̀rọ̀, ìtumọ̀, àlàyé. Gbólóhùn tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn nínú, á gbé e síwájú yín fúnra rẹ̀. Fún ìwé ìtọ́nisọ́nà, èmi ń lo Vale. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ àti èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ sínú fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní YAML, yóò sì máa nàka sí gbogbo ìlà tó bá ti rí i.

Ní ti bọ́tìnnì, bí ọ̀rọ̀ inú áàpù yín bá wà nínú fáìlì PO, ìyẹn fáìlì tí Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan àti ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, irinṣẹ́ kan wà nínú Translate Toolkit, àkójọ irinṣẹ́ àwọn atúmọ̀, tó ń jẹ́ poconflicts. Bó ṣe wà, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì kan ti ní Yorùbá méjì ló máa ń wá. Tí ẹ bá fi -v sí i, á wá òdìkejì: Gẹ̀ẹ́sì méjì tó di Yorùbá kan. Bọ́tìnnì Alhaja, òdìkejì yìí ni ì bá mú un. Àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣọ́.

Ẹ wá ṣọ́ra fún àmì ohùn, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. "Ọ́" tó ní àmì lókè tó sì ní àmì nísàlẹ̀, Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà nínú kọ̀ǹpútà, ò fún un ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo. Kíbọọ̀dù kan á kọ "ọ" tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, U+1ECD, á wá fi àmì òkè U+0301 tẹ̀ lé e. Òmíràn á kọ "ó", U+00F3, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 sí i. Lójú tiwa, "pamọ́" ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ ó wá "pamọ́", ẹ ó rí ìlàjì, ẹ ó sì rò pé ẹ ti rí gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá yí gbogbo fáìlì sí NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń sọ irú ìkọ bẹ́ẹ̀ di oríṣi kan, méjèèjì á di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan nínú yín bá ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, U+0329 nìyẹn, NFC ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ìyẹn fúnra yín.

Akọ̀wé Ìgbógbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo wá "pamọ́" nínú ìwé mi, mo rí 23. Mo yí fáìlì sí NFC, mo tún wá a, ó di 38. Orí tí ẹnìkejì mi kọ ni 15 yẹn ti jáde, torí kíbọọ̀dù fóònù ló fi ń kọ tirẹ̀. Èmi tí mo fi bírò pupa yẹ ìwé náà wò pàápàá, mo ti kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà wá a, ọkàn mi sì ti balẹ̀ pé kò sí òmíràn mọ́.

Ọmọ Olúwo, ẹ bá mi kí Màmá. Ọ̀rọ̀ ìdókòwò yẹn dùn mí. Mo kọ ọ́ torí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ìwé.

Ará Àgbádárìgì

Ẹ má gbàgbé àwa tí Yorùbá kì í ṣe èdè ìyá wa o. Ègùn là ń sọ nílé wa ní Àgbádárìgì, ilé ìwé àti ọjà ni mo ti gbọ́ Yorùbá. Bí ọmọ Yorùbá bá rí "yọ kúrò" lójú kan tó sì rí "pa rẹ́" lójú kejì, á fi làákàyè so wọ́n pọ̀. Bíi tèmi, tí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà, mo gbà pé nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Mo máa dúró, mo máa wá ẹni tí mo lè bi.

Ilé alájà tó wà létí omi wa ti wà láti 1845. Ọdún yẹn gan-an ni Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó gbé Bíbélì sí Yorùbá ò dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún gbogbo nǹkan. Àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ẹnu àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ni wọ́n ti bá wọn, láti èdè Lárúbáwá. Wòlíì ni wọ́n pè é ní Jẹ́nẹ́sísì, wòlíì náà ni wọ́n pè é dé Ìfihàn, ó sì di ọ̀rọ̀ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mú orúkọ Èṣù, tó ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ ọ́, wọ́n fi pe Sátánì. Títí di òní, àwọn oníṣẹ̀ṣe ṣì ń ṣàlàyé pé ìyẹn kọ́ ni Èṣù tàwọn. Àǹtí, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fi lélẹ̀ báyìí máa pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú un.

Olùkọ́ Àgbà (Ìkòròdú)

Ọmọ mi, èmi náà ti fa igi pupa yẹn sábẹ́ ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú àròkọ, màá tún fà á. Ṣùgbọ́n o ò rí mi kí n fa irú igi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bá ń kọ́ ọmọ ní gírámà. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ọ̀rọ̀-orúkọ láti kíláàsì kìíní títí wọ́n á fi jáde. Àwọn onímọ̀ èdè wa jókòó, wọ́n ṣe èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èdè. Wọ́n dá ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ láti inú Yorùbá, wọ́n sì gba fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì wọlé láti Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò tíì rí ọmọ tó bèèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí fáwẹ̀lì kò fi jẹ́ Yorùbá, torí kò sí ìwé tó pè é ní nǹkan mìíràn. Nítorí náà má bẹ̀rù "séèfù", tó bá jẹ́ pé òun ló yé wọn. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o fi àmì ohùn sí i dáadáa.

Atúnkọ̀-òfúrufú-ṣe

Ìkòròdú lèmi náà ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa tí à ń tún ọkọ̀ òfúrufú ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì tiwa tí wọ́n fi ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà wa, wọ́n ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1980, ASD-STE100 ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Nínú rẹ̀, "close" wà fún kí a ti ilẹ̀kùn tàbí kí iná mànàmáná lè kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé nǹkan wà nítòsí, "near" ló gbọ́dọ̀ kọ. Bí ìpàdé bá parí, wọn kì í fi "close" sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wa, ohun tí wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é nìyẹn. Ará Àgbádárìgì ti sọ tèmi tán.

Akọ̀wé Ìgbógbó

Mo padà wá o. Mo lọ sí Olúwo lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú páálí tí mo ya bọ́tìnnì sí. Alhaja pe obìnrin mẹ́jọ jọ fún mi lẹ́yìn tí ọjà tú díẹ̀. Mo ń na páálí sókè, mo ń bi wọ́n pé, "Tẹ́ ẹ bá tẹ èyí, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Mi ò bá wọn sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́.

Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ "Tọ́jú" fún "Save", mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ Yorùbá ojúlówó. Àwọn mẹ́ta ní á tọ́jú ohun tí àwọn kọ. Àwọn yòókù ń wo ara wọn. Ọ̀kan bi mí pé ta ni kí òun tọ́jú, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ tí ara rẹ̀ ò yá ni? Nígbà tí mo na "Séèfù" sókè, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti parí nìyẹn, "Séèfù" ni. "Hide" di "Mú kúrò lójú", Alhaja fúnra wọn ló sọ ọ́. Wọ́n ní ohun tó kúrò lójú ṣì wà níbìkan. "Fi pamọ́" ti lọ sí apá tí a ò gbọdọ̀ lò, nínú bọ́tìnnì àti nínú ìwé, mo sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Dá àti kó ti padà sí ipò wọn. Owó alájọ ni "owó alájọ" níbi gbogbo. "PIN" ni PIN. "Onídùúró" nìkan ló kù, mo sì fi gbólóhùn kan sí i lójú ewé tí wọ́n ti ń buwọ́ lù ú pé òun ló máa san gbèsè náà bí ẹni tó yá a kò bá san án. Ẹni tó ń ka fídíò ti gbà láti tún ohùn gbà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ẹnu kò pé èmi ni màá máa ṣọ́ fáìlì náà, ẹnikẹ́ni lè mú ọ̀rọ̀ wá, àmọ́ kò ní wọlé láìjẹ́ pé ó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀.

Mo fi -v wá fáìlì PO wa bí Ẹ̀gbọ́n Akóòdù ṣe wí. Yàtọ̀ sí ti Alhaja, ó tún mú mẹ́rin jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni "Ṣí": "Open" tí a fi ń ṣí fáìlì, àti "Not closed" tó ń sọ pé ẹ̀yáwó kan kò tíì parí. Mo ti yí èkejì sí "Ó ṣì ń lọ". Mẹ́ta tó kù ṣì wà níwájú mi.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni "Delete". Nígbà tí mo na "Pa rẹ́" sókè, ìyá kan sún sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò ní tẹ nǹkan tó ń pa nǹkan rẹ́. Alhaja ní kí n gbé "Nù ún kúrò" wò, bí a ṣe ń nu pátákó. Tí ẹ bá ní òmíràn, ẹ bá mi mú un wá kí Ọjọ́rú tó dé, torí ọjọ́ yẹn ni mo ṣèlérí ìwé tuntun fún wọn. Ojú ewé 30 ni mo wà báyìí.